Ọwọ́ Tí Lucas Gbé Kúrò Lórí Okùn Gìtá

Ọ̀rọ̀ tí Lucas ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ kọ̀ fún un lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ó ní àfi kí òun jáde dandan. Ẹ bá mi wò ó bó ṣe dúró níwájú ìjọ ní Ìlútítun, nínú sùtànà funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ńtì, gìtá àtijọ́ lọ́rùn rẹ̀. Wòlíì Ọlátúndé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìkéde ni. Ó ní kí Dora, ọmọ olóògbé Ìyé Aníwúrà, yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ilé àdúrà náà, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló lé Ohùn Mímọ́ kúrò láàárín wọn. Dora kò jiyàn. Ó ti dìde lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó ti ń rọra tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tó jókòó. Ìgbà yẹn ni Lucas lahùn.

"Dora, jọ̀wọ́, má tíì lọ. Ẹ̀yin ará, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn ọmọ yìí. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ẹnu ọ̀nà, torí bó bá fi lè jáde, ẹnu mi á tún pa dé ni."

Dora dúró síbi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká ìyá arúgbó kan tó fẹ́ fẹsẹ̀ rékọjá. Lucas bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti orí gìtá fúnra rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ gìtá kò bá yé wọn, ìyókù kò lè yé wọn láéláé.

Ṣáájú ogun abẹ́lé ló ti wálé. Ó ti lo ìgbà èwe rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ti ilé ijó kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó àti Sàpẹlẹ. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tú ká, ó gbé gìtá oníná rẹ̀ àti àpótí agbóhùnsókè rẹ̀ lé ọkọ̀, ó forí lé Ìlútítun, ó sì fi wọ́n sin Ọlọ́run. Ìjọ ti ní jẹnẹrétọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni gìtá náà dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àlébù kan: ó máa ń kùn. Kí Lucas tó ta okùn kankan rárá, àpótí yẹn á ti máa ṣe hùùù. Ìyá Ìjọ tiẹ̀ bi í bóyá oyin ló kó sínú rẹ̀ láti Èkó. Lucas rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Lábẹ́ okùn irú gìtá yẹn, mágínẹ́ẹ̀tì ló wà níbẹ̀, wáyà bàbà tín-ín-rín ni wọ́n sì we mọ́ ọn lára. Wáyà yẹn ni etí gìtá. Okùn tí ọwọ́ bá ta ló yẹ kó máa gbọ́, àmọ́ kò mọ ìyàtọ̀. Ó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń gbọ́ iná gbọọrọ tó wà lókè pẹpẹ, gbogbo rẹ̀ ló sì ń sọ jáde. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Sàpẹlẹ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń bá a gbé. Èèyàn á rọra máa yí ara rẹ̀ padà títí yóò fi rí ibi tí kíkùn náà ti fúyẹ́. Bí kò bá sì ta gìtá lọ́wọ́, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé gbogbo okùn. Bí ọwọ́ bá ti bà lé e, kíkùn náà á dákẹ́. Bí ọwọ́ bá kúrò, á padà. Lucas fi ẹfun fa ilà sórí sìmẹ́ńtì níbi tó ti rí ojú rere, ó kọjú sí fèrèsé tó wà lápá títì, ibẹ̀ ló sì máa ń dúró sí.

Dora nìkan ni kò bínú sí kíkùn náà. Ọmọ tó ń lé orin fún ẹgbẹ́ akọrin ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń mú kí àwọn tó ń kọjá lọ sọ́jà dúró lẹ́bàá ògiri. Bí wọ́n bá ń kọ́ orin lọ́sàn-án, á wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Lucas, á ní, "Bọ̀ọ̀dá Lucas, ẹ gbé ọwọ́." Lucas á gbé ọwọ́, gìtá á kùn. Dora á pa ètè dé, á kùn ún tẹ̀lé e nínú ọ̀fun rẹ̀, wẹ́kú ni yóò bá a mu, ibẹ̀ ni yóò sì ti mú orin. Ó ní ohùn náà kì í yẹ̀, pé ó sàn ju agogo lọ. Bí wọ́n bá parí, ìyá rẹ̀, Ìyé Aníwúrà, tó ń fọ epo pupa lẹ́yìnkùlé wọn, á ti se púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́, àti ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀, á sì bu ti Lucas sọ́tọ̀. Kò sí ohun tí Lucas fẹ́ láyé ju kó máa jẹun nínú ilé yẹn lọ. Ó fẹ́ràn Dora dé egungun, kò sì sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojo ni òun, bó ṣe sọ fún ìjọ nìyẹn, ojo paraku tí ń fi gìtá bojú.

Ọjọ́ tí Bàbá Àkànmú wá dúpẹ́ ìkórè ni nǹkan dojú rú. Ooru mú lọ́jọ́ náà. Bí bàbá náà ṣe kúnlẹ̀ gẹ́ẹ́ níwájú pẹpẹ ni òógùn bọ́ sí Lucas lójú, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn láti nù ún, gìtá sì ké hùùù. Ẹ̀rù ba Bàbá Àkànmú. Ó wo àpótí, ó wo òkè, ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́ pé òun ti sún ààlà oko ọ̀pẹ tó wà láàárín òun àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó ti kú. Ilé àdúrà dàrú fún ayọ̀, kò sì sí ẹni tó rántí mọ́ pé gìtá náà ti ń kùn tẹ́lẹ̀. Wòlíì Ọlátúndé gbé ọwọ́ lé àpótí náà, ó ní Ọlọ́run ti fi ohùn sáàárín wọn, ohùn tó ń mọ ohun tí èèyàn fi pa mọ́. Lucas la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé òógùn ni, pé ọwọ́ òun ló kúrò. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ ó ń kí i, obìnrin tó tó bí i lọ́mọ dáadáa, ẹni tó jẹ́ pé òun ni Lucas ń dọ̀bálẹ̀ fún tẹ́lẹ̀. Lucas pa ẹnu náà dé. Ó sọ fún ìjọ pé ibi tí ẹnu òun ti pa dé yẹn ni òun ti ṣìnà, gbogbo ohun tó kù, ibẹ̀ ló ti wá.

Láti ìgbà náà, Ohùn Mímọ́ ni wọ́n ń pe kíkùn gìtá. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdúpẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gba àdúrà ìgbéyàwó, àfi kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú Lucas. Ọ̀pọ̀ ìgbà, Lucas á tẹ ọwọ́ mọ́ okùn, onítọ̀hún á lọ ní àlàáfíà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e, fún àwọn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ pé ọwọ́ wọn kò mọ́, ó sì ń tan ara rẹ̀ jẹ pé òun ń ran iṣẹ́ Ọlọ́run lọ́wọ́. Àwọn àgbàlagbà ń ṣíjú kúrò lójú rẹ̀ lọ́jà. Ó dùn mọ́ ọn. Kò fi pa mọ́ fún ìjọ rárá, ó ní ó dùn mọ́ òun.

Ìgbà tó yá ni Benedict dé, tísà kan, ọmọ Ìkọ̀yà, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ ohùn Dora lọ́jọ́ àjọ̀dún, kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Kí Lucas tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti mọ ara wọn nílé, wọ́n ti dá ọjọ́ tí àwọn méjèèjì yóò wá gba àdúrà níwájú ìjọ. Dora fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún un, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní Bọ̀ọ̀dá Lucas ni kó ta gìtá lọ́jọ́ náà, òun kò fẹ́ ẹlòmíràn. Lucas ní kò burú. Ó délé, kò lè jẹun.

Ẹ wá gbọ́ ìrònú ìkà. Lucas rò ó pé bí òun bá jẹ́ kí gìtá kùn mọ́ Benedict, Dora á tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ jáde, torí irú ọkàn tó ní nìyẹn. Àmọ́ bó bá jẹ́ Dora ni gìtá kùn mọ́, ìyá Benedict, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìjọ ṣeré, á mú ọmọ rẹ̀ padà sí Ìkọ̀yà. Dora á wá kù. Òun Lucas á sì jáde láti fẹ́ ẹ, gbogbo ayé á ní ẹ ò rí aláàánú. Nígbà tó sọ èyí jáde nínú ilé àdúrà, ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ náà, Dora wọlé nínú aṣọ funfun, Ìyé Aníwúrà ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Benedict kọ́kọ́ kúnlẹ̀, gìtá dákẹ́. Ó kan Dora. Kó tó kúnlẹ̀, ó wo ojú Lucas, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lucas gbé ọwọ́. Hùùù. Ohun tí kò jẹ́ kí Lucas sùn láti ìgbà náà nìyí: ẹ̀rù kò ba Dora. Ó rò pé Lucas ń fún òun ní ohùn orin ni, bó ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án. Ó pa ètè dé, ó ń kùn ún tẹ̀lé e, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè tó rí ojú ìyá rẹ̀ ni ẹ̀rín náà kú.

Wòlíì ní kó sọ ohun tó fi pa mọ́. Dora wá inú ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kéré, òun mú ẹja nínú ìkòkò Ìyé, òun sì purọ́ mọ́ ológbò. Gbogbo èèyàn tẹ́tí sí gìtá. Gìtá ń kùn. Ó ní òun ti jowú bàtà ọ̀rẹ́ òun kan rí. Ó ń kùn. Ó ní òun sùn lọ níbi àdúrà òru lẹ́ẹ̀kan. Ó ń kùn síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké tí ọmọlúàbí ń kó jọ ló ń kà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún wọn tẹkúntẹkún. Ọwọ́ Lucas sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wúwo. Bó bá tẹ ọwọ́ yẹn mọ́ okùn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹja, ó parí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbàdúrà, Benedict á mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Lucas mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́.

Àwọn obìnrin kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Dora lọ kọ́ iṣẹ́ ránṣọránṣọ ní Sàpẹlẹ, ta ló mọ ohun tó ṣe níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ìyé Aníwúrà. Ó wá kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ó gbá a mọ́ra. Ó ní, "Ọmọ mi, bó bá jẹ́ oyún lo ṣẹ́, sọ ọ́, kí ó lè dákẹ́. Èmi ṣì ni ìyá rẹ."

Dora wo ìyá rẹ̀ títí. Ó rí i pé ìyà ń jẹ ẹ́. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé. Mo ṣe é."

Lucas tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé okùn. Gìtá dákẹ́ lọ́gán. Dídákẹ́ yẹn ni ìjọ gbà bí ẹ̀rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Ìyá Benedict di ọmọ rẹ̀ lápá mú, wọ́n jáde. Benedict ń wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi dé títì. Ó ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Àyèká báyìí, ó sì ti bímọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Dora kò kọrin mọ́. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló di ibùjókòó rẹ̀. Lucas ṣe bí aláàánú, ó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Dora dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Gbogbo èèyàn ló sọ̀rọ̀ sí mi, Bọ̀ọ̀dá Lucas. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò sọ nǹkan kan." Lucas kò lè wo ojú rẹ̀, kò sì tún mẹ́nu ba ìgbéyàwó mọ́. Nígbà tí ogun parí, àìsàn dá Ìyé Aníwúrà dùbúlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Lucas, nítorí ó gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbàdúrà kí Ọlọ́run dárí ji ọmọ òun nítorí ọmọ-ọmọ tí òun kò rí. Lucas di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbàdúrà náà, ó sì ṣe àmín. Níbí ni ohùn rẹ̀ ti já nínú ilé àdúrà, tó jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti nàró kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ó ní nínú gbogbo ohun tí òun ṣe, àmín yẹn ló burú jù.

Ó lè máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀ títí dọjọ́ ikú, ká má tan ara wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Èkó ra gìtá tuntun ránṣẹ́. Wáyà ti èyí jẹ́ méjì lábẹ́ okùn, wọ́n we ọ̀kan sí ọ̀tún, wọ́n we èkejì sí òsì, ohùn tí a kò pè tí ọ̀kan bá gbọ́, èkejì á pa á. Kì í kùn rárá. Bí Lucas ṣe kọ́kọ́ ta á, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ohùn yẹn. Kò bọ́. Ìjọ ń retí Ohùn Mímọ́, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n gbààwẹ̀, wọn kò gbọ́. Wòlíì Ọlátúndé sunkún lórí pẹpẹ bí ọmọdé. Àwọn aríran ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ló lé e lọ, ojú gbogbo èèyàn sì yí sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí Lucas fi gbé gìtá àtijọ́ kọ́rùn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tó sọ ọ́ débẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wò ó. Ó bẹ Wòlíì kó dúró níwájú òun. Ó gbé ọwọ́, gìtá kùn. Ó tẹ ọwọ́, ó dákẹ́. Ìyá Ìjọ dúró, gìtá kùn. Wọ́n gbé ọmọ tuntun kan wá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ, ó kùn mọ́ òun náà, ọmọ sì ń sùn lọ ní tirẹ̀. Lucas wá ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn níwájú ibi tí kò sí ẹnì kankan, gìtá ń kùn.

"Ẹ̀yin ará, ṣé sìmẹ́ńtì náà dẹ́ṣẹ̀ ni?"

Wòlíì Ọlátúndé ṣí fìlà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá Àkànmú, tó ti darúgbó gan-an, ní tòun jẹ́ òótọ́ o, òun sún ààlà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé. Lucas kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n dárí ji òun lójú ẹsẹ̀; kí wọ́n ṣáà gba ọmọ yìí padà ni òun ń bẹ̀ wọ́n. Ó wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ gìtá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní lọ́jọ́ tí àwọn èèyàn bá fi àṣìṣe gbé wọn ga, kí wọ́n yáa sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, nítorí bó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹnu á ti wúwo.

Dora ti rìn wá síwájú. Kò sunkún, kò bínú, ó kàn dúró níwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Lucas, Ìyé mi ńkọ́?"

Lucas bọ́ gìtá kúrò lọ́rùn, ó gbé e kalẹ̀.

"Ẹ wá sọ ọ́ fún un."

Wọ́n jọ rìn lọ sílé Ìyé Aníwúrà. Àwọn ará ìjọ tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n dúró lójú títì, wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Ìyé Aníwúrà ti máa ń fọ epo ni wọ́n sin ín sí. Lucas kò mú gìtá dání. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀.

"Ìyé, ọmọ yín kò ṣẹ́ oyún kankan. Ìfẹ́ yín ló mú kó gbà. Èmi ni mo gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn, mo sì jẹ oúnjẹ yín lẹ́yìn ìgbà náà. Àdúrà tí mo bá yín ṣe, mo gbà á padà. Ọmọ yín mọ́."

Kò gbé ọwọ́ kúrò nílẹ̀, kò sì lè gbójú sókè wo Dora. Adìẹ kan ń tú ilẹ̀ lẹ́bàá ìkòkò epo tó ti gbẹ. Dora dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ́, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Lucas fi rò pé ó ti wọlé lọ. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó pa ètè dé, ohùn kan sì jáde láti ọ̀fun rẹ̀, ó rọlẹ̀, ó gùn, hùùù, Lucas sì mọ̀ ọ́n, torí wẹ́kú ni. Dora di ohùn náà mú bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó lè dá a lójú pé ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu, ó sì mú orin.